Wọ́n ní kí n ra fọ́lówà 10,000 fún péèjì àdìrẹ mi. Ẹ dá sí i o

Aláró Ìtòkú

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé ẹnu yín kì í gbé lórí irú rẹ̀.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, ẹlẹ́kọ àti oníko. Kàńpálà náà wà níbẹ̀, torí òun ni ọjà ń béèrè. Ọdún tó kọjá ni mo ṣí péèjì sórí Instagram. Fọ́lówà 612 ni mo ní. Tí mo bá gbé àwòrán aṣọ síta, bíi láìkì 40 ló máa ń wọlé, pẹ̀lú kọ́ńmẹ́ǹtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àbúrò mi ló sì máa ń kọ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọbìnrin kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń po aró, àmọ́ 23,000 ló ní. Àwọn tó ń ti Èkó wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun á fún mi ní 10,000 ní ₦18,000, pé kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, pé "real and active" ni gbogbo wọn. Ó ní tí mi ò bá lówó, áàpù ọ̀fẹ́ kan wà, pásíwọ́ọ̀dù mi nìkan lòun máa gbà. Ó kù díẹ̀ kí n sanwó ni ọkọ mi ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, kí lojú yín rí?

Alábòójútó Péèjì, Ìbàdàn

Àǹtí, ẹ fi ₦18,000 yẹn sápò ná. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò bójú tó péèjì wọn, àìmọye ìgbà ni mo sì ti bá wọn kó irú pàǹtí yìí kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọjà yẹn ti ń wá. Ọmọkùnrin yẹn ò tọ́jú fọ́lówà kankan sílé. Orí ohun tí wọ́n ń pè ní panel ló ti ń rà á, ìyẹn wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí wọ́n ti ń wọn fọ́lówà, láìkì àti view fún èèyàn bí ẹni ń wọn gààrí ní kóńgò. Panel kan á rà lọ́wọ́ panel mìíràn, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ pátápátá lè máà gbọ́ orúkọ Abẹ́òkúta rí láyé. Òun náà á wá fi èrè tirẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ "real and active" tó ń sọ yẹn, bí ìgbà tí ẹni tó ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ bá ń sọ pé "ó dà bí tuntun" ni.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ máa gbà ni akáǹtì tí ẹ̀rọ ṣí. Kò ní àwòrán, kò ní pósì, orúkọ rẹ̀ á dà bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ló já fóònù gbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Òmíràn á jẹ́ ti èèyàn gidi tí wọ́n jí akáǹtì rẹ̀ gbà. Díẹ̀ á jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fún ní kọ́bọ̀ mélòó kan kó lè tẹ "follow". Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń wá ìró àti bùbá.

Wàhálà rẹ̀ gan-an ò sì sí lára owó. Tí ẹ bá gbé aṣọ tuntun síta, kì í ṣe gbogbo àwọn 612 yẹn ló máa rí i. Áàpù náà á kọ́kọ́ fi han díẹ̀ nínú wọn, á máa ṣọ́ wọn bóyá wọ́n dúró wò ó, bóyá wọ́n fi pamọ́, bóyá wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Tó bá rí i pé ó wù wọ́n, á gbé e jáde síwájú sí i. Ẹ mọ àwọn ère tí a máa ń wọ aṣọ fún níwájú ṣọ́ọ̀bù? Ẹ to 10,000 irú wọn sáàárín àwọn 612 yín. Ẹni mélòó nínú àwọn tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé aṣọ yẹn hàn ló máa ní ojú tó ríran? Àwọn oníbàárà tó ti ń rí yín tẹ́lẹ̀ ò ní rí yín mọ́, áàpù náà á sì gbà pé aṣọ yín ò wu ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣírò ó wò. Láìkì 40 lára 612, ó lé ní mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Mi ò pọ́n yín, ìyẹn dára gan-an, ọ̀pọ̀ péèjì ńlá ni kò ní tó bẹ́ẹ̀. Láìkì 40 lára 10,612, kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò ò ní pẹ́ mọ̀.

Oníbàtà Òṣogbo

Èmi rà á. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Bàtà ni mò ń ṣe, awọ gidi, mo máa ń ran án fúnra mi. Mo ra 5,000 lọ́dún 2022. Ní ọjọ́ kìíní inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ní ọjọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ wọn. Mi ò rí ẹyọ kan tí mo lè pè jáde lẹ́nu. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó ti já sí bíi 1,900. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní "drop" ni wọ́n ń pè é, pé "refill", ìyẹn kí wọ́n dá èyí tó já padà, wà àmọ́ oṣù kan péré ló wà fún. Ó ní kí n tún ra òmíràn. Mo bá gé fóònù.

Ìyẹn ò dùn mí tó ọ̀rọ̀ arákùnrin kan tó fẹ́ ra bàtà 20 fún àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó. Ó wo péèjì mi, ó wá kọ̀wé sí mi nínú DM, ìyẹn ìfiránṣẹ́ kọ̀rọ̀, pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ní èrò tó pọ̀ tó yìí, kí ló dé tí ẹyọ ẹnì kan ò béèrè iye bàtà rí?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàtà mi dára, ẹ̀yin tí ẹ bá dé Òṣogbo ẹ ó rí i, ṣùgbọ́n ó ti rò pé oníjìbìtì ni mí. Owó tí mo ná kí n lè dà bí ẹni gidi ló sọ mí di ayédèrú.

Ọmọ Skit, Ìkòròdú

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí, tó dé péèjì yín tó bá 612, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀ láti sanwó. Èmi ra 1,000 lórí TikTok torí pé wọn ò gbà kéèyàn ṣe live, ìyẹn fídíò tí wọ́n ń wò lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé ó ní 1,000. Lọ́jọ́ kejì mo ṣe live. Kí ló wá ṣe mí?

Alábòójútó Péèjì, Ìbàdàn

Èèyàn mélòó ló wá sí live ọ̀hún, àbúrò?

Ọmọ Skit, Ìkòròdú

Mẹ́rin.

Oníbàtà Òṣogbo

Ìwọ fúnra rẹ wà lára wọn àbí?

Ọmọ Skit, Ìkòròdú

Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre 😂

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Aláró, ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ ilé yín ni mí. Mo máa ń kó àdìrẹ wá síhìn-ín, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé àwọn tó ni áàpù wọ̀nyí máa ń gbálẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá sì gbálẹ̀, wọn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Instagram pa akáǹtì ayédèrú rẹ́ lọ rẹpẹtẹ. Justin Bieber, olórin nì, pàdánù fọ́lówà bíi mílíọ̀nù 3.5 lẹ́ẹ̀kan náà. Akáǹtì Instagram fúnra rẹ̀ pàdánù ohun tó lé ní mílíọ̀nù 18. Olórin ráàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Mase. Òun ní bíi mílíọ̀nù 1.6 tẹ́lẹ̀, ó já wálẹ̀ sí bíi 100,000. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi pa akáǹtì náà dé. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló rà á o. Ayédèrú máa ń lẹ̀ mọ́ olókìkí fúnra rẹ̀, bí eṣinṣin ṣe ń bá oyin rìn. Àmọ́ ta ni èèyàn fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀? Twitter náà ṣe tirẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2018. Katy Perry àti Lady Gaga, oníkálukú wọn pàdánù ju mílíọ̀nù 2 lọ.

Níbí, ó ti kúrò ní yẹ̀yẹ́, ó ti di ọ̀rọ̀ òfin. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Florida tó ń jẹ́ Devumi, fọ́lówà àti láìkì ni wọ́n ń tà. Ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí wọn ní oṣù Kìíní ọdún 2018: ó kéré tán, akáǹtì 55,000 nínú ohun tí wọ́n ń tà ló jẹ́ pé orúkọ àti àwòrán èèyàn gidi ni wọ́n jí lò. Ẹ fojú inú wò ó, kí ẹ jí lọ́jọ́ kan kí ẹ rí àwòrán ọmọ yín lára akáǹtì tó ń polówó ìṣekúṣe. Ní 2019, FTC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, gba ìdájọ́ mílíọ̀nù 2.5 dọ́là lórí wọn. Láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, òfin tuntun ti àjọ yẹn kan náà ti fòfin de títa fọ́lówà ayédèrú, ó sì tún de rírà rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi tan oníbàárà jẹ. Ìtanràn rẹ̀ lè lé ní 50,000 dọ́là lórí ẹ̀ṣẹ̀ ẹyọ kan. Èmi tí mo ń rajà lọ́wọ́ yín, tí mo ń tún un tà níbí, mi ò ní fẹ́ kí orúkọ mi wà nítòsí irú ẹ̀.

Ìyá Ọ̀fadà, Peckham

Hmm. Ẹ ń sọ ti rírà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti giveaway, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìyẹn mọ́.

Ìrẹsì ọ̀fadà àti ayamáṣe ni mò ń sè ní Peckham, ní London níbí, ní òpin ọ̀sẹ̀, mọ́ínmọ́ín eléwé náà sì wà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọmọ ìyá mi kan ní kí n ṣe giveaway, pé wàràwàrà ni péèjì mi á kún. Mo kéde pé ẹni tó bá tẹ̀lé mi, tó tún tag ọ̀rẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú èèyàn mẹ́wàá tí mo máa fún ní owó ìpè ₦2,000. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, 3,400 ti wọlé. Mo ń jó kiri ilé ìdáná.

Ìgbà tí mo wá wo ibi tí wọ́n ti wá, ó di Kánò, ó di Aba, ó di Gboko. Ta ni mo fẹ́ gbé ọ̀fadà láti Peckham lọ fún ní Aba? Mo-gbọ́-mo-yà ni gbogbo wọn. Wọ́n gbọ́ pé ìnáwó wà, wọ́n yà, wọ́n ń wo abọ́ ìrẹsì, wọn ò mọ ẹni tó ń ṣe ìnáwó, wọn ò sì bìkítà. Alẹ́ ọjọ́ tí mo kéde àwọn tó jẹ ẹ́, bí 900 ló lọ. Àwọn kan tún bú mi lójú pósì pé òjóró ni mo ṣe, pé ẹ̀gbọ́n mi ni mo fún. Mi ò tiẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n!

Àwọn tó kù ni wọ́n wá dí mi lọ́nà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá gbé Story síta ní àárọ̀ Sátidé pé ayamáṣe ti jinná, àwọn tó wà ní àdúgbò á rí i, wọ́n á pè. Lẹ́yìn giveaway, Aba ló ń rí i. Títí di òní, tí mo bá gbé àwòrán ọbẹ̀ síta, ẹnì kan á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Mummy, ìgbà wo lẹ tún máa ṣe òmíràn?"

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe giveaway, àdìrẹ ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀bùn, ẹ má fi owó ìpè ṣe é. Ẹni tí àdìrẹ ò wù ò ní wá.

Olùkọ́ Èdè

Ẹ ṣeun, Ìyá Ọ̀fadà. Tèmi ni "sub for sub", ìyẹn kí n di alábàápín rẹ, kí ìwọ náà di tèmi.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá lórí YouTube. Ohun tí YouTube ń béèrè kó tó jẹ́ kí èèyàn máa pa owó ìpolówó ni alábàápín 1,000 àti wákàtí 4,000 tí àwọn èèyàn fi wo fídíò láàárín oṣù 12. (Ọ̀nà tàwọn tó ń ṣe Shorts, ìyẹn fídíò kúkúrú, yàtọ̀.) Èmi ro ti 1,000 nìkan, mo gbàgbé èkejì. Mo wọ ẹgbẹ́ WhatsApp kan: bá mi tẹ̀ ẹ́, kí n bá ọ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, mo ti ní 1,130. Wákàtí mi ńkọ́? 61. Ta ló fẹ́ jókòó wo a, b, d? Pásítọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí wà níbẹ̀. Oníkálukú fẹ́ kí wọ́n wo tirẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ti ẹnìkejì. YouTube tèmi fúnra mi sì bàjẹ́, torí gbogbo nǹkan tí mo tẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń fi hàn mí.

Ìlànà YouTube sì kọ ọ́ kedere pé wọn ò fẹ́ ẹ, inú ayédèrú ni wọ́n kà á sí. Mo pa á tì, mo ṣí ìkànnì tuntun. Ọdún kan kọjá, 480 péré ni mo ní, ṣùgbọ́n wákàtí mi ti tó 1,700. Àwọn òbí tó wà lókè òkun máa ń tan fídíò sílẹ̀ fún ọmọ nínú mọ́tò. Ọmọdé lè wo ẹyọ fídíò kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn 480 yẹn ni mo fi ń yangàn.

Sísí Gèlè

Ẹ̀yin ará, ẹ ti kọjá orí èyí tó burú jù nínú ohun tí àǹtí yẹn sọ. PÁSÍWỌ́Ọ̀DÙ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìlọrin, gèlè àti lẹ́ẹ̀sì ló ń tà. Ó wọ irú áàpù ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fi pásíwọ́ọ̀dù Instagram rẹ̀ sí i. Fọ́lówà bí 200 wọlé lóòótọ́ ní ọjọ́ kìíní. Ohun tí kò mọ̀ ni pé akáǹtì tirẹ̀ náà ti di ọjà: ó ń tẹ̀lé àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí, ó ń láìkì fọ́tò ajá àti ti mọ́tò ní òru. Bí ọ̀fẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ìwọ ni wọ́n fi ń san án fún ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n yí ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tó wà lórí rẹ̀ padà. Pósì tó tẹ̀ lé e ni "fi ₦50,000 sílẹ̀ kí o gba ₦500,000", tòun ti fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi tó ń rẹ́rìn-ín. Oníbàárà rẹ̀ méjì ló sanwó. Ọ̀kan nínú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Ẹ rò ó wò bí ọjọ́ Ìsinmi yẹn ṣe rí.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Instagram kéde pé àwọn máa máa yọ láìkì, fọ́lówà àti kọ́ńmẹ́ǹtì tó bá gba irú áàpù bẹ́ẹ̀ wọlé, àti pé ẹni tó bá lò ó, kó lọ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Nítorí náà kò sí èyí tó máa kù fún yín níbẹ̀. Àǹtí, tí ẹ bá ti fi pásíwọ́ọ̀dù yín hàn ọmọkùnrin yẹn rárá, ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ sì tan ààbò onípele méjì sílẹ̀, èyí tó máa ń béèrè kóòdù lórí fóònù. Kóòdù yẹn náà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní kí ẹ bá òun dìbò ni.

Aláró Ìtòkú

Ye! Mi ò tíì fi hàn án o. Mò ń lọ tan ààbò yẹn báyìí.

Fọ́tò Akúrẹ́

Ti èmi ò gùn. Mo máa ń tẹ̀lé èèyàn 200 lójúmọ́, tí wọ́n bá ti tẹ̀lé mi padà, màá yọ ara mi lọ́jọ́ kẹta. Instagram ò gbà kéèyàn tẹ̀lé ju 7,500 lọ, ṣùgbọ́n mi ò tiẹ̀ dé ibẹ̀ tí wọ́n fi dì mí lọ́wọ́, mi ò lè láìkì ohunkóhun fún ọjọ́ méje. Èyí tó ká mi lára ni pé aya ọ̀gá mi àtijọ́ wà lára àwọn tí mo yọ. Ó rí i. Ó pè mí.

Ìyá Ọ̀fadà, Peckham

😂😂 Kí lo sọ fún un?

Fọ́tò Akúrẹ́

Mo ní ọmọ mi ló fọwọ́ kàn án. Mi ò tíì bímọ nígbà yẹn.

Bàbá Àgbà Facebook

Ẹ̀yin ọmọdé, mo ń ka gbogbo yín. Àwa ti Facebook, tiwa ni "Kọ Àmín kí o tó kọjá". Mo ṣe é fún ọdún méjì gbáko, láìkì ń rọ́ wọlé, orí mi ń wú. Àfi ìgbà tó yá tí gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ọmọ mi ló wá ṣàlàyé fún mi pé láti oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni Facebook ti sọ pé pósì tó bá ń tọrọ láìkì, tó ń tọrọ kọ́ńmẹ́ǹtì, tó ní kí o tag ọ̀rẹ́, àwọn á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ tiẹ̀ ronú sí i: ẹni tó ń kọ Àmín sábẹ́ pósì rẹ, Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ.

Ọmọ Skit, Ìkòròdú

Ó dáa, mo padà wá. Ẹ̀gbọ́n Alábòójútó bá mi sọ̀rọ̀ nínú DM, ó ní kí n sọ èyí tí mo fi pamọ́.

Lẹ́yìn 1,000 ti TikTok yẹn, mo tún ra 15,000 sórí Instagram. Ẹnì kan tó ń bá àwọn onílé ìtajà wá àwọn tó ń ṣe skit kọ̀wé sí mi, wọ́n fẹ́ kí n polówó ilé oúnjẹ kan fún wọn ní Ìkòròdú. Owó tó jọjú ni. Ó ní kí n ya àwòrán "Insights" mi ránṣẹ́, kí àwọn lè rí ìlú tí àwọn fọ́lówà mi wà. Mo ṣí i. Jakarta, ní Indonesia lọ́hùn-ún, ló wà lókè pátápátá. Èkó ṣe ìkẹrin.

Ṣé ará Jakarta ló fẹ́ wá jẹ àmàlà ní Ìkòròdú ni? Mi ò fi ránṣẹ́. Mo ní fóònù mi ti bàjẹ́. Mo ti ń yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan látìgbà yẹn. Bí 4,000 ni mo ti yọ, àtàǹpàkò ń ro mí.

Aláró Ìtòkú

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò ní ra nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ò tíì yé mi. Ọmọbìnrin tó kọjú sí mi ńkọ́? Tí 23,000 rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó rà, kí ló dé tí àwọn ará Èkó fi ń lọ bá a?

Alábòójútó Péèjì, Ìbàdàn

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ lọ sí péèjì rẹ̀, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, ẹ ó rí "About this account". Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà, ẹ ka pósì rẹ̀ mẹ́wàá, ẹ sọ ohun tó kọ sábẹ́ wọn.

Aláró Ìtòkú

Mo ti wò ó. Ó ní ọdún 2017 ni wọ́n ṣí i, ó sì ti pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọdún 2023 ló gba ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ohun tó kọ sábẹ́ pósì: iye owó ọ̀pá kan, iye ọ̀pá tó kù, "Ìtòkú, ẹ̀gbẹ́ ibi báyìí", nọ́ńbà WhatsApp. Gbogbo pósì ló ní i. Láìkì rẹ̀ ò ju 50 lọ.

Alábòójútó Péèjì, Ìbàdàn

Akáǹtì àlòkù ló rà nìyẹn, ti ẹlòmíràn ni tẹ́lẹ̀, ó kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Òun pẹ̀lú láìkì 50, ẹ̀yin pẹ̀lú 40, ọmọ ìyá kan náà ni yín. Àwọn 23,000 yẹn kọ́ ló ń kó ará Èkó wá bá a. Wọ́n ń wá torí pé wọ́n mọ iye tó ń tà á, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti máa rí i kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Kí ni ẹ̀yin máa ń kọ sábẹ́ tiyín?

Aláró Ìtòkú

"DM for price."

Oníbàtà Òṣogbo

Áà! Àǹtí!

Sísí Gèlè

Mo ti fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́, mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston

Tí mo bá rí "DM for price", mo máa ń kọjá ni. Àárín òru yín ni ìrọ̀lẹ́ wa níbí, kí ẹ tó jí fèsì mo ti rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ sì ní ohun kan tí ọmọbìnrin yẹn ò ní: ẹ fi ọwọ́ yín hàn wá. Ẹ ya fídíò ìyá yín níbi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sórí aṣọ. Ẹ ya ìgbà tí aṣọ jáde nínú aró pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ sì sọ ọ́ di dúdú lójú wa. Ẹni tó bá wo ìyẹn tán, kò ní fi wé èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀.

Aláró Ìtòkú

(Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ti ń kọ iye owó. Ìyá mi kọ̀ kí n ya ojú wọn, nítorí náà ọwọ́ nìkan ni mo yà, ọwọ́ wọn tí aró ti sọ di dúdú títí dé ìgúnpá. Fídíò yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí, ó lé ní 9,000 tó wò ó. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ̀wé ń béèrè bóyá a máa kọ́ wọn níṣẹ́ ni, wọn ò fẹ́ rajà, mi ò sì tíì mọ ohun tí màá sọ fún wọn. Ẹnì kan ra ọ̀pá márùn-ún láti Ìbàdàn, ẹnì kan fẹ́ fi ṣe aṣọ ẹbí àmọ́ a ṣì ń dúnàá dúrà. Fọ́lówà mi ti di 688.

Ọmọkùnrin yẹn tún wá lánàá. Ó ti já a sí ₦12,000.

Bàbá Àgbà Facebook

Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi péèjì tirẹ̀ hàn yín.

Aláró Ìtòkú

Mo béèrè, bàbá. 340 ló ní.